Sàká, Sàárà àti Ilé-Ẹ̀kọ́ Ọmọ Òrukàn Nígbà Àjàkálẹ̀ Àrùn

Ní orúkọ Ọlọ́hun, Ọba Àjọkẹ́ ayé, Àṣàkẹ́ ọ̀run. Ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun kí ó máa bá Ànọ́bì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàábé rẹ̀ lápapọ̀.



Láti ọdún 2020 ni àwọn olùtọrẹ wa ti ń bi wá ní ìbéèrè kan náà. Wọ́n ní: "Nígbà tí ìjọba ti àwọn ilé-ìwé pa, kí ló dé tí ẹgbẹ́ ṣì ń náwó lórí ọ̀rọ̀ ilé-ìwé? Ṣé ó tọ́ kí tíṣà gba nínú owó sàká? Ṣé kì í ṣe nítorí ọmọ òrukàn ni a ṣe dá owó náà?" Ìbéèrè gidi ni, ẹ sì lẹ́tọ̀ọ́ láti bèèrè, nítorí àmánà ni owó tí ẹ gbé lé wa lọ́wọ́. A fẹ́ ṣe àlàyé rẹ̀ síbí, kí gbogbo wa lè mọ owó tó yẹ fún iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan bí irú rẹ̀ bá tún dé. Kí Ọlọ́hun má jẹ̀ẹ́ kó dé mọ́.

Ohun tó ṣẹlẹ̀

Ọjọ́ 27 oṣù kejì ọdún 2020 ni àyẹ̀wò fi hàn pé ẹni àkọ́kọ́ ní àrùn Kòrónà ní Nàìjíríà, ní ìpínlẹ̀ Èkó. Ní ọjọ́ 19 oṣù kẹta, iléeṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ ìjọba àpapọ̀ pàṣẹ pé kí àwọn ilé-ìwé tì. Ní ọjọ́ 30 oṣù náà ni kónílé-ó-gbélé bẹ̀rẹ̀ ní Èkó àti Àbújá, ti Ògùn sì tẹ̀ lé e ní ọjọ́ 3 oṣù kẹrin. Inú rẹ̀ ni ààwẹ̀ Ramadan ọdún 1441 bá wa, ní ọjọ́ 24 oṣù kẹrin. Ilé ni oníkálùkù ti kí àṣàmù rẹ̀.

Nígbà tó di ọjọ́ 4 oṣù karùn-ún, ìjọba dẹ òfin náà díẹ̀, àwọn ọjà kan ṣí, ọkọ̀ ń rìn. Ṣùgbọ́n ilé-ìwé kò ṣí. Àwọn ọmọ SS3 ló kọ́kọ́ wọlé ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹjọ, nítorí ìdánwò WAEC tó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 17 oṣù náà. Ní ìpínlẹ̀ Ògùn, ọjọ́ 21 oṣù kẹsàn-án ni àwọn yòókù tó wọlé. Ní Èkó, àwọn ọmọ kéékèèké kan dúró di oṣù kẹwàá. Bí ẹ bá ṣírò rẹ̀, ó lé ní oṣù mẹ́fà.

Àwọn kan nínú wa bínú sí títì náà, pàápàá ti mọ́sálásí. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tuntun nínú ẹ̀sìn. Ní ọdún 18 Hijira, nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn wà ní ilẹ̀ Ṣáámù, Umar ọmọ Khattab (kí Ọlọ́hun yọ́nú sí i) dé Sargh pẹ̀lú àwọn èèyàn rẹ̀, ó sì padà sí Mẹdínà. Abdurrahman ọmọ Awf ló sì jẹ́rìí fún un pé òun gbọ́ lẹ́nu Ànọ́bì pé kí ẹnikẹ́ni má wọ ìlú tí irú àrùn bẹ́ẹ̀ wà, kí ẹni tó wà níbẹ̀ má sì sá jáde. Nítorí náà, títẹ̀lé òfin tó ń dáàbò bo ẹ̀mí wà nínú ẹ̀sìn wa.

Bí ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni ṣe ń rówó

Tí a bá gbọ́ "ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni", ọkàn púpọ̀ nínú wa á lọ sọ́dọ̀ ọmọ olówó. Kò rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí wọ́n ka àwọn ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni ìpínlẹ̀ Èkó ní 2010 sí 2011, wọ́n lé ní 12,000. Púpọ̀ nínú wọn, ilé tí a háyà ní àdúgbò ni, tí òbí ń san owó rẹ̀ ní díẹ̀díẹ̀ bí ọjà bá ṣe tà. Níbẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọmọ òrukàn tí ẹgbẹ́ wa ń tọ́jú wà, nítorí ó súnmọ́ ilé ìyá-ìyá tó ń tọ́ wọn, tí wọ́n sì ń kọ́ kéwú mọ́ ìwé níbẹ̀.

Owó tí òbí ń san ní táàmù kọ̀ọ̀kan ni ilé-ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ fi ń san owó tíṣà àti owó ilé. Ìparí táàmù kejì ni ìjọba ti ilé-ìwé pa, nígbà tí ọ̀pọ̀ òbí ṣì jẹ gbèsè. Táàmù kẹta kò wáyé nínú kíláàsì rárá. Tíṣà ìjọba ń retí owó oṣù rẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba. Ti aládàáni kò ní ibi tí yóò wò. Ìjọba àpapọ̀ gbé ètò Survival Fund kalẹ̀, ó sì fi àwọn ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni kún àwọn tó lè gba ìrànwọ́ owó oṣù fún òṣìṣẹ́ wọn, ṣùgbọ́n oṣù kẹsàn-án ni ìforúkọsílẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ebi kò dúró de oṣù kẹsàn-án.

Síbẹ̀, àwọn tíṣà kò fi àwọn ọmọ sílẹ̀. Ìpínlẹ̀ Ògùn ń fi ẹ̀kọ́ hàn lórí tẹlifíṣọ̀n OGTV, àwọn ilé-ẹ̀kọ́ kan sì ń fi iṣẹ́ ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Ṣùgbọ́n nílé tí iná kò sí, tó jẹ́ fóònù kékeré onítọ́ọ̀ṣì ni ìyá àgbà ń lò, kí ni WhatsApp fẹ́ ṣe? A rí tíṣà tó ń kọ iṣẹ́ sórí bébà, tó ń fi ìbòmú bo ẹnu, tó ń fà á lé ọmọ lọ́wọ́ lẹ́nu ọ̀nà. A rí aáfà tó ń fi káàdì ara rẹ̀ pe àwọn ọmọ tó ń há Alùkùránì sórí, kí wọ́n ké súrà wọn fún òun lórí fóònù, kí ó má baà bọ́ lórí wọn. Àwọn wọ̀nyí ni ebi ń pa. Bí wọ́n bá bọ́ sórí ọ̀kadà tàbí sínú oko tí wọn kò padà wá, kò ní sí ẹni tí yóò kọ́ ọmọ òrukàn nígbà tí ilé-ìwé bá ṣí.

Ta ni sàká tọ́ sí nínú wọn?

Ọlọ́hun fúnra Rẹ̀ ló pín sàká. Ọ̀nà mẹ́jọ ló dárúkọ nínú Sùúrátù Taobah, ẹsẹ̀ 60: aláìní, mẹ̀kúnnù, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀, àwọn tí a fẹ́ fa ọkàn wọn mọ́ra, ìdásílẹ̀ ẹrú, onígbèsè, ojú ọ̀nà Ọlọ́hun, àti onírìn-àjò tí nǹkan tán mọ́ lọ́wọ́. Ẹ wò ó dáadáa, ẹ kò ní rí "ilé-ìwé" níbẹ̀, ẹ kò sì ní rí "ọmọ òrukàn" pẹ̀lú. Ibẹ̀ ni àlàyé ti bẹ̀rẹ̀.

*Ọmọ òrukàn.* Nítorí pé ó jẹ́ aláìní ni sàká fi tọ́ sí i. Ikú bàbá nìkan kò tó. Bí bàbá rẹ̀ bá fi ogún tó pọ̀ sílẹ̀, kò lè gba sàká. Àní ní mẹ́síábù Imam Malik tí a ń tẹ̀ lé nílẹ̀ wa, alágbàtọ́ rẹ̀ ni yóò máa yọ sàká nínú owó ọmọ náà. Bí ọmọ bá jẹ́ aláìní, sàká lè bọ́ ọ, kí ó ra ìwé fún un, kí alágbàtọ́ rẹ̀ sì gbà á fún un láti fi san owó ilé-ẹ̀kọ́.

*Tíṣà.* Àwọn onímímọ̀ mẹ́síábù Malik ní aláìní ni ẹni tí ohun ọwọ́ rẹ̀ kò tó o jẹ fún ọdún kan. Mẹ̀kúnnù ni ẹni tí kò ní nǹkan kan rárá. Ká ní tíṣà kan ń gba 30,000 náírà lóṣù, owó oṣù dúró, 60,000 náírà péré ló sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Oúnjẹ oṣù méjì nìyẹn. Aláìní ni, bó tilẹ̀ ní fóònù, tó sì ń wọ aṣọ tó mọ́. Sàká tọ́ sí i.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kó yé wa: a kò fi sàká san owó oṣù. Owó oṣù jẹ́ gbèsè lọ́rùn ẹni tó gba òṣìṣẹ́ síṣẹ́. Tí a bá fi sàká san án, ẹni tó ni ilé-ẹ̀kọ́ ni a ràn lọ́wọ́, ó sì lè jẹ́ ẹni tó rí jẹ. Ìdí nìyẹn tí a fi fi owó náà lé tíṣà fúnra rẹ̀ lọ́wọ́, gẹ́gẹ́ bí aláìní, láì ní kó ṣe iṣẹ́ kankan fún un. Ní ti àwọn tíṣà tí kì í ṣe Mùsùlùmí, tí wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ wa tọkàntọkàn, sàká kò kàn wọ́n, ṣùgbọ́n sàárà kàn wọ́n. Inú sàárà ni a ti fún wọn.

*Ẹni tó ni ilé-ẹ̀kọ́.* Bó bá jẹ́ olówó, kò sí nínú rẹ̀. Bó bá ti yá owó nítorí àti bọ́ àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, tí kò sì ní ohun tó lè fi san án, onígbèsè ni, sàká lè ràn án lọ́wọ́.

*Ilé àti irin-iṣẹ́.* Nígbà tí ilé-ìwé fẹ́ ṣí, wọ́n ní láti ní ibi ìfọwọ́, ọṣẹ, ìbòmú, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo ara gbígbóná, àti àga tó jìnnà síra. Àwọn onímímọ̀ mẹ́síábù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní kì í ṣe sàká la fi ń kọ́lé tàbí ra irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Sàárà ni tirẹ̀, tàbí wáqáfù.

*Jákà.* Oúnjẹ ni jákà, ọjọ́ Ìtúnu Ààwẹ̀ ni tirẹ̀, kí aláìní lè rí jẹ lọ́jọ́ náà. A kì í kó o pa mọ́ de owó ilé-ẹ̀kọ́.

Ṣé a lè yọ sàká kí ọdún rẹ̀ tó pé?

Ọ̀pọ̀ bèèrè èyí ní 2020. Abbas, àbúrò bàbá Ànọ́bì, bèèrè irú rẹ̀, Ànọ́bì sì gbà fún un. Àwọn mẹ́síábù mẹ́ta yòókù gbà á, kódà bó ṣe ọ̀pọ̀ oṣù ṣáájú. Ti Malik le díẹ̀: nǹkan bí oṣù kan ni kó má jù. Nítorí náà, ẹni tí ọdún owó rẹ̀ ń pé nínú Ramadan lè yọ ọ́ nínú oṣù Ṣaabaan, ìyẹn gan-an sì ni ìgbà tí àwọn ilé-ìwé ṣẹ̀ṣẹ̀ tì lọ́dún náà. Ẹni tí tirẹ̀ ṣì jìnnà, kí ó ṣe sàárà, tàbí kí ó yá aláìní lówó láì gba èlé.

Àwọn ọmọ tí kò padà

Nígbà tí ilé-ìwé ṣí, kì í ṣe gbogbo ọmọ ló wọlé. Nígbà tí a fi ẹsẹ̀ wá wọn délé, a bá àwọn kan nídìí iṣẹ́ ọwọ́ tí wọn kò tíì tó ṣe, a bá àwọn ọmọbìnrin tó ń kiri ọjà. Alágbàtọ́ wọn kì í ṣe ìkà. Ohun tí wọ́n sọ fún wa ni pé láti ìgbà tí ọmọ ti ń mú owó oúnjẹ wálé, àwọn kò mọ bí àwọn yóò ṣe ní kó dáwọ́ dúró. Níbi tí oúnjẹ ti ń dé déédéé ní gbogbo oṣù títì náà, tí tíṣà sì ń yọjú, ó rọrùn fún ọmọ láti padà. Níbi tí kò ti rí bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ náà le, a sì rí èyí tí kò padà títí di òní.

Ìdáhùn wa nìyí sí ẹni tó bèèrè ìdí tí a fi náwó nígbà tí ilé-ìwé wà ní títì. Ìgbà tí kíláàsì wà ní títì ni ọmọ òrukàn ń sọ àyè rẹ̀ níbẹ̀ nù. Àwọn àgbà sì ní ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà.

Ohun tí a ń bẹ̀ yín sí

1. Ẹ ṣírò sàká yín lọ́dọọdún. Bí owó bá pé nísáábù (góòlù gíráàmù 85, tàbí fàdákà gíráàmù 595), tó sì pé ọdún, ìdá kan nínú ogójì ni. Ẹni tó ní mílíọ̀nù 40 náírà yóò yọ mílíọ̀nù kan.

2. Bí ẹ bá ń mú owó wá, ẹ sọ ọ́ kedere: sàká ni, tàbí sàárà, tàbí wáqáfù. Àpò kọ̀ọ̀kan wà lọ́tọ̀, a kì í dà wọ́n pọ̀.

3. Ẹ ràn wá lọ́wọ́ láti kún àpò sàárà fún ọjọ́ pàjáwìrì. Òun ló fẹjú jù, òun ni ó lè ra ọṣẹ, tó lè ran tíṣà tí kì í ṣe Mùsùlùmí lọ́wọ́, tó lè san káàdì fóònù aáfà. A kì í dúró di ọjọ́ ogun kí a tó máa rọ ọfà.

4. Bí ẹ bá mọ ọmọ òrukàn kan ládùúgbò yín tó ti fi ilé-ìwé sílẹ̀ láti ìgbà náà, ẹ wá sọ fún wa. Kò tíì pẹ́ jù.

Kí Ọlọ́hun gba sàká àti sàárà yín ní iṣẹ́ rere, kí Ó fi ìbùkún sí èyí tó kù. Kí Ó forí jin àwọn tó kú nínú àjàkálẹ̀ àrùn náà, kí Ó sì má fi irú rẹ̀ dán wa wò mọ́. Àmín.

Wa bìlláhì táófíkì. Àsàlámù àlékúmù wa ráhmátúlláhì wa bárákátùhù.

Akọ̀wé Ẹgbẹ́