Àpọ̀jẹ Ẹran, Àpọ̀jẹ Ọkàn: Ìtàn àti Ìtumọ̀ Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà, 'Ruminate'

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní: 'Àròkàn ní í fa ẹkún àsun-ùn-dákẹ́.' Ká ní mo rántí òwe yìí lọ́jọ́ tí mo tú ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan fún ọ̀rẹ́ mi, n kì bá tí ṣì í lọ́nà. Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ fara balẹ̀ kí n kọ́kọ́ ro ẹjọ́ ara mi fún yín kí n tó wọ inú àlàyé.

Ọ̀rẹ́ mi yìí, tí a jọ ń gbé yàrá kan náà, fìdí rẹmi nínú kọ́ọ̀sì méjì. Láti ọjọ́ tí èsì ìdánwò ti jáde ni oúnjẹ kò ti wù ú jẹ mọ́. Bí mo bá ta jí ní òru, n ó bá a tí ó dojú kọ ògiri, tí ojú rẹ̀ là sílẹ̀. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni ó ń bi ara rẹ̀ tọ̀sán-tòru: 'Kí ló ṣe mí tí mo fi rí báyìí?' A bẹ̀ ẹ́ títí ó fi lọ rí dókítà. Nígbà tí ó dé, ó ní dókítà sọ pé òun jẹ́ ẹni tí ó máa ń 'ruminate' púpọ̀. Ó ní, 'Ìwọ tí ò ń kọ́ ìmọ̀ èdè, kí ni ìyẹn?' Mo yẹ ìwé atúmọ̀-èdè kékeré tí ó wà lọ́wọ́ mi wò. Ohun tí mo rí níbẹ̀ ni pé kí ènìyàn ronú jinlẹ̀ nípa nǹkan. Mo bú sẹ́rìn-ín, mo ní, 'Dókítà ń yìn ọ́ ni! Ó ní aláròjinlẹ̀ ni ọ́.' Ọ̀rẹ́ mi gbà mí gbọ́. Ó padà sórí ibùsùn rẹ̀, ó tún kọjú sí ògiri.

Ó tó nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà kí n tó ṣe alábàápàdé ọ̀rọ̀ yìí nínú ìwé mìíràn ní ilé ìkàwé. Ìgbà náà ni ó yé mi pé ewu ni dókítà ń júwe, tí èmi fi ń kí ẹni tí ewu ń wu kú oríire. Ìdí nìyí tí mo fi tọ ọ̀rọ̀ náà dé gbòǹgbò.

Láti inú ikùn màlúù

Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti ra ṣàkì rí ti fọwọ́ kan orísun ọ̀rọ̀ yìí. Nínú èdè Látìn, 'rumen' ni wọ́n ń pe ọ̀nà ọ̀fun. Orúkọ yìí kan náà ni àwọn onímọ̀ ẹranko fún àpò kìíní nínú ikùn màlúù, èyí tí ògiri rẹ̀ jẹ́ ṣàkì tí à ń fi se ọbẹ̀. Láti ara 'rumen' ni 'ruminare' ti wá, ìyẹn ni pé kí ẹran jẹ àpọ̀jẹ.

Màlúù, àgùntàn, ewúrẹ́, àgbọ̀nrín àti ẹfọ̀n, gbogbo wọn ni ó ń jẹ àpọ̀jẹ. Bí màlúù bá wà ní pápá, kì í fara balẹ̀ rún koríko. Ṣe ni yóò máa já a, tí yóò máa gbé e mì. Inú àpò kìíní ni koríko náà ń lọ, àpò yìí sì lè gbà ju 100 lítà lọ nínú màlúù ńlá. Àwọn kòkòrò tí ojú lásán kò lè rí ni wọ́n ń bá ẹran náà ṣiṣẹ́ lórí koríko ọ̀hún, nítorí pé agbára ikùn rẹ̀ nìkan kò ká a láti mú un dà. Nígbà tí màlúù bá wá dùbúlẹ̀ sábẹ́ ìbòòji, yóò pọ̀ ọ́ padà sẹ́nu díẹ̀díẹ̀, yóò rún un kúnná, yóò sì tún gbé e mì. Ó lè lo wákàtí 6 sí 8 lóòjọ́ lẹ́nu iṣẹ́ yìí. Àpò kejì, tí ara rẹ̀ rí bí afárá oyin, ni ó ń ran ti kìíní lọ́wọ́. Èyí tí ó bá kúnná tó ni yóò kọjá sí ẹ̀kẹta tí ó ní ewé wẹ́wẹ́ bí ìwé, kí ó tó dé ẹ̀kẹrin tí iṣẹ́ rẹ̀ jọ ti ikùn ènìyàn.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi kókó yìí sọ́kàn: màlúù kì í jẹ àpọ̀jẹ nítorí kí ó lè máa jẹ ẹ́ lọ láìlópin. Ó ń jẹ ẹ́ kí ó lè kọjá ni. Bí kò bá kọjá, kò sí ẹran lára, kò sì sí wàrà lọ́mú.

Orúkọ tí àwa Yorùbá fún iṣẹ́ yìí kò fi ohunkóhun pamọ́: à-pọ̀-jẹ, ohun tí a pọ̀, tí a sì tún jẹ.

Bí ó ṣe di ọ̀rọ̀ ọkàn

Àwọn ará Róòmù àtijọ́ fúnra wọn ti ń lo 'ruminare' fún ẹni tí ó ń yí èrò kan síwá sẹ́yìn nínú ọkàn. Ṣùgbọ́n àwọn Kristẹni ìgbà láéláé ni wọ́n sọ àfiwé náà di ẹ̀kọ́. Nínú ìwé Léfítíkù orí 11 àti Deutarónómì orí 14, òfin sọ pé ẹran tí ó la pátákò tí ó sì ń jẹ àpọ̀jẹ ni ó mọ́ fún jíjẹ. Augustine, tí ó gbé ayé láàrin ọdún 354 sí 430, ṣàlàyé pé ẹni tí ó ń jẹ àpọ̀jẹ ni ẹni tí ó gbọ́ ọ̀rọ̀ ọgbọ́n tí kò gbàgbé rẹ̀, tí ó ń pè é padà láti inú ìrántí. Báyìí ni àwọn mọ́ńkì ṣe ń kàwé: wọn a ka díẹ̀, wọn a máa wí i lẹ́nu jẹ́jẹ́ títí yóò fi di ara wọn.

Ìtàn tí ó dùn mọ́ mi jù nínú ọ̀rọ̀ yìí ni ti Caedmon. Bede ni ó kọ ọ́ sílẹ̀ ní èdè Látìn nínú ìwé ìtàn ìjọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó parí ní ọdún 731. Caedmon kò mọ̀wé. Ó ń tọ́jú ẹran ọ̀sìn ní ilé àwọn mọ́ńkì tí ó wà ní Whitby, ní ìgbà tí obìnrin kan tí ń jẹ́ Hild jẹ́ olórí ibẹ̀. Bí wọ́n bá ń gbé háàpù kiri níbi àsè kí olúkúlùkù kọrin, Caedmon a dìde kúrò níbẹ̀ nítorí ìtìjú. Ní òru ọjọ́ kan tí ó sùn sí ilé ẹran, ó lá àlá pé ẹnì kan pàṣẹ fún òun kí òun kọrin, ó sì kọ ọ́. Láti ìgbà náà, àwọn mọ̀wé-mọ̀wé a ka ìtàn Bíbélì sí i létí, yóò gbé e lọ sílé, yóò sì kó o dé ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì gẹ́gẹ́ bí ewì. Ọ̀rọ̀ tí Bede fi júwe ohun tí Caedmon ń ṣe láàrin alẹ́ sí òwúrọ̀ ni 'ruminare', bí ẹran mímọ́ tí ń jẹ àpọ̀jẹ. Ẹni tí ó bá ti bá oníjàálá tàbí onírárà jókòó rí yóò mọ irú iṣẹ́ tí Bede ń sọ. Etí ni ó fi gbọ́, inú ni ó ti lọ̀ ọ́, ẹnu ni ó fi gbé e jáde.

Nígbà tí ó wọ inú Gẹ̀ẹ́sì

Láàrin ọdún 1530 sí 1550 ni 'ruminate' fara hàn nínú ìwé Gẹ̀ẹ́sì, ó sì gbé ìtumọ̀ méjèèjì wọlé, ti ẹran àti ti ọkàn. Shakespeare fi í sí Othello lẹ́nu nígbà tí ó ń rọ Iago pé kí ó sọ èrò inú rẹ̀ jáde. Ẹ̀yin tí ẹ ti ka eré náà mọ ohun tí ó tẹ̀yìn rẹ̀ yọ. Ìfura kan ṣoṣo ni Othello gbà sẹ́nu. Ó jẹ ẹ́, ó tún un jẹ, kò gbé e mì, kò tu ú dànù, títí ó fi pa aya rẹ̀ tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí ó jẹ́ ìyìn lẹ́nu Bede ti ń kan díẹ̀díẹ̀.

Àpọ̀jẹ tí kì í kọjá

Ìtumọ̀ tí dókítà ń lò fẹsẹ̀ múlẹ̀ láti ọwọ́ Susan Nolen-Hoeksema, onímọ̀ nípa ọkàn ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, tí ó kú ní ọdún 2013. Ní ọdún 1989, òun àti Jannay Morrow bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ 137 ní Yunifásítì Stanford léèrè nípa bí ara wọn ti rí àti ohun tí wọ́n máa ń ṣe nígbà tí inú wọn bá bàjẹ́. Ọjọ́ 14 lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 17 oṣù Ọ̀wàrà, ilẹ̀ mì tìtì ní agbègbè náà. Wọ́n padà lọ wo àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà lẹ́yìn ọjọ́ 10, àti lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 7. Àwọn tí ó ti jẹ́ pé ńṣe ni wọ́n máa ń jókòó ti ìbànújẹ́ wọn, tí wọ́n ń bi í wò láìdáwọ́ dúró, ni ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn mú jù. Èsì yìí jáde ní ọdún 1991.

Ní ọdún 2003, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì tún fi hàn pé oríṣi méjì ni ó wà lábẹ́ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yìí. Ọ̀kan ni ti ẹni tí ó yíjú sí inú ara rẹ̀ láti wá ojútùú. Èkejì ni ti ẹni tí ó kàn ń fi ipò tí ó wà wé ipò tí ó fẹ́, tí kò gbé ẹsẹ̀ kúrò níbẹ̀. Èkejì yìí ni ó burú jù.

Kí ni kí àwa pè é?

Nígbà tí mo ka èyí ni ojú tì mí. Ohun tí àwọn onímọ̀ fi ìwádìí yà sọ́tọ̀ ní ọdún 2003, èdè ìyá mi ti yà á sọ́tọ̀ tipẹ́. 'Ronú' wà fún tibi-tire: rò àti inú ni. Inú kan náà tí ó ń run wá, tí ó ń dùn, tí ó sì ń bí wa, ni a fi ń rò. Nítorí náà kò yẹ kí ó ṣe wá ní kàyéfì pé ọ̀rọ̀ ìrònú kan ti inú ikùn màlúù wá. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá ń lọ sí ibi tí ó dára, a ní àròjinlẹ̀, a ní àṣàrò. Bí ó bá ń pa ẹni tí ń rò ó, àròkàn ni.

Èrò tèmi nìyí fún àwa tí à ń ṣe ògbufọ̀. Bí ó bá jẹ́ ti ẹran, 'jẹ àpọ̀jẹ' ni. Bí ó bá jẹ́ ti Caedmon, 'ṣe àṣàrò' yóò dára. Bí ó bá jẹ́ ti dókítà, ẹ má bẹ̀rù láti kọ 'àròkàn'. Ìbéèrè tí yóò tọ́ wa sọ́nà kò ju ẹyọ kan lọ: ǹjẹ́ ohun tí ó wà lẹ́nu yìí ń kọjá, àbí kò kọjá?

Mo padà lọ bẹ ọ̀rẹ́ mi. Mo ní, 'Àròkàn ni dókítà ń wí, kì í ṣe àròjinlẹ̀.' Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó ní, 'Ìyá mi ti sọ bẹ́ẹ̀ lórí fóònù láti ọjọ́ kìíní. Nígbà tí o ní dókítà ń yìn mí, mo gbà pé Màámi ni kò mọ̀.' Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọra. Ó padà lọ rí dókítà. Lẹ́yìn náà, ó mú bébà, ó kọ orúkọ kọ́ọ̀sì méjèèjì sí i, ó sì kọ ohun tí ó lè ṣe lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan sí abẹ́ rẹ̀. Ó ti yege nínú ọ̀kan. Ó ń múra èkejì lọ́wọ́.

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá rí ẹni tí ó dojú kọ ògiri, kí ó má ṣe kí i kú àròjinlẹ̀. Kí ó bi í ohun tí ó wà lẹ́nu rẹ̀, kí ó sì bá a wá ọ̀nà tí yóò fi kọjá. Ire o.