Wúnrẹ̀n Kékeré Tí Í Sọ Ìyìn Di Èébú: Ọgbọ́n Inú Èdè Kòríà

Ẹyin lọ̀rọ̀, bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ni í fọ́. Ẹni tí ó bá ń kọ́ èdè Kòríà yóò tètè rí òtítọ́ inú òwe yìí. Bí àlejò bá jẹun tán nílé ẹni tí ó gbà á lálejò ní ìlú Seoul, tí ó sì fẹ́ yin oúnjẹ, ó lè sọ pé, "Kimchi-ga masisseoyo," èyí ni pé kimchi, ẹ̀fọ́ oníyọ̀ àti ata tí wọ́n fi pamọ́ kí ó kan, dùn. Ṣùgbọ́n bí ó bá sọ pé, "Kimchi-neun masisseoyo," ẹni tí ó se oúnjẹ lè fajú ro. Ohun tí ó lè gbọ́ ni pé, "Ní ti kimchi, ó dùn," bí ẹni pé àwọn oúnjẹ yòókù kò tẹ́ àlejò lọ́rùn. Ìyìn ni ó wà lọ́kàn àlejò, ṣùgbọ́n wúnrẹ̀n kékeré tí ó lẹ̀ mọ́ ọ̀rọ̀-orúkọ ti sọ ọ́ di nǹkan mìíràn.

Nínú èdè Kòríà, ọ̀rọ̀-ìṣe ni í gbẹ̀yìn gbólóhùn, wúnrẹ̀n kéékèèké sì ni wọ́n máa ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ọ̀rọ̀-orúkọ láti fi iṣẹ́ rẹ̀ hàn. Oríṣi méjì ni ó máa ń da akẹ́kọ̀ọ́ láàmú jù. Èkíní ni "i" àti "ga", tí í tọ́ka sí olùwà. Èkejì ni "eun" àti "neun", tí í tọ́ka sí kókó tí ọ̀rọ̀ dá lé. Bí kọ́ńsónáǹtì bá parí ọ̀rọ̀-orúkọ, "i" tàbí "eun" ni wọn yóò lò; bí ó bá jẹ́ fáwẹ́lì, "ga" tàbí "neun" ni. Omi, "mul", yóò di "mul-i" tàbí "mul-eun". Òjò, "bi", yóò di "bi-ga" tàbí "bi-neun". Èyí kò ṣòro. Ibi tí iṣẹ́ wà ni mímọ ìgbà tí ó yẹ láti lo oríṣi kìn-ín-ní, àti ìgbà tí ó yẹ láti lo èkejì.

Ọmọ Yorùbá kò bá ọ̀rọ̀ yìí ní àjèjì pátápátá. Bí wọ́n bá bi í pé, "Ta ni ó wá?" kò ní dáhùn pé, "Adé wá." "Adé ni ó wá" ni yóò wí, nítorí pé orúkọ ẹni tí ó wá gan-an ni ohun tuntun tí olùbéèrè ń fẹ́. Ará Kòríà yóò bèèrè pé, "Nuga wasseoyo?" Èsì rẹ̀ yóò sì jẹ́, "Ade-ga wasseoyo." Bákan náà, "Jega haksaeng-imnida" ni "Èmi ni akẹ́kọ̀ọ́", ó yẹ fún ẹni tí wọ́n bi pé èwo nínú wọn ni akẹ́kọ̀ọ́. "Jeoneun haksaeng-imnida" ni "Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí". Èyí ni ẹni tí ó ń fi ara rẹ̀ han àwọn ènìyàn máa ń sọ. Ẹni tí ó bá fi ti ìṣáájú kí àwọn ènìyàn ti dà bí ẹni tí ó ń dáhùn ìbéèrè tí ẹnikẹ́ni kò bi í.

Síbẹ̀, kí akẹ́kọ̀ọ́ má ṣe rò pé "ga" àti "ni" dọ́gba níbi gbogbo. Ẹni tí ó bá yọjú lójú fèrèsé, tí ó rí i pé òjò ń rọ̀, yóò sọ pé, "Biga wayo." Yorùbá kò ní fi "ni" sí i, "Òjò ń rọ̀" náà ni. Nínú ìtàn, nígbà tí ọba kan bá kọ́kọ́ yọjú, "wang-i" ni. Nígbà tí àwọn olùgbọ́ bá ti mọ̀ ọ́n, ó di "wang-eun". Nígbà mìíràn, méjèèjì a máa wà nínú gbólóhùn kan: "Kokkirineun koga gilda," èyí ni pé, ní ti erin, imú rẹ̀ gùn. Erin ni kókó ọ̀rọ̀. Imú, tí Yorùbá ń pè ní ọwọ́jà, ni olùwà.

Ọ̀wọ̀ náà wọ inú rẹ̀. Bí Yorùbá ṣe ń lo "wọ́n" fún bàbá àgbà kan ṣoṣo, bẹ́ẹ̀ ni ará Kòríà a máa fi "kkeseo" rọ́pò "i" tàbí "ga" fún àgbà àti olùkọ́.

Ìtọ́jú ọgbọ́n wọ̀nyí kò wá lọ́fẹ̀ẹ́. Ọba Sejong ni ó ṣe álífábẹ́ẹ̀tì Hangul ní 1443, tí ó sì kéde rẹ̀ ní 1446. Nínú ìwé ìgbà náà, kò tíì sí "ga". Ju Si-gyeong tẹ ìwé gírámà jáde ní 1910, ọdún náà gan-an tí Japan gba Kòríà. Akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, Choe Hyeon-bae, tẹ ìwé gírámà ńlá tirẹ̀ jáde ní 1937. Ní 1938 ni ìjọba Japan bẹ̀rẹ̀ sí í ti èdè Kòríà kúrò ní ilé-ìwé. Ní 1942, wọ́n kó àwọn ọmọ Ẹgbẹ́ Èdè Kòríà tí ó ń ṣe ìwé atúmọ̀-èdè. Yi Yun-jae àti Han Jing kú sínú ẹ̀wọ̀n, Choe sì wà níbẹ̀ títí di òmìnira ní 1945. Lóṣù kẹsàn-án ọdún náà, wọ́n rí ìwé àfọwọ́kọ tí àwọn ọlọ́pàá kó lọ nínú ilé ìkẹ́rùsí ibùdó ọkọ̀ ojú irin Seoul. Apá kìn-ín-ní ìwé atúmọ̀-èdè náà jáde ní 1947; èyí tí ó kẹ́yìn jáde ní 1957.

Nítorí náà, kí akẹ́kọ̀ọ́ tí "neun" àti "ga" bá dà láàmú ní sùúrù. Kí ó máa bi ara rẹ̀ pé: ṣé ohun tí olùgbọ́ ti mọ̀ ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, àbí ohun tuntun ni mo fẹ́ fi hàn án? Ẹni tí ó bá ń bèèrè bẹ́ẹ̀ kí ó tó la ẹnu kò ní pẹ́ mọ̀ ọ́n lò.