Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Ṣé ó yẹ kéèyàn fi tẹlifíṣọ̀n SD sílẹ̀ ra HD?

Àwọn àmì tín-ín-tín ló ń para pọ̀ di àwòrán orí tẹlifíṣọ̀n. SD, irú ti àtijọ́, ní àmì 720 ní ìbú, 576 ní òró. HD kíkún, irú tó mọ́ kedere jù ú lọ, ní 1,920 ní ìbú, 1,080 ní òró: àpapọ̀ àmì rẹ̀ jẹ́ ìlọ́po márùn-ún ti SD gẹ́lẹ́! Àwọn olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù ni yóò kọ́kọ́ rí ìyàtọ̀ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n tẹlifíṣọ̀n nìkan kò tó. Ìkànnì àti dẹkódà gbọ́dọ̀ jẹ́ HD, kí wáyà HDMI sì so dẹkódà pọ̀ mọ́ tẹlifíṣọ̀n. Wáyà yẹ́lò àtijọ́ kò lè gbé àwòrán HD. Fíìmù inú DVD pàápàá, SD ni.

Bí ojú tẹlifíṣọ̀n bá fẹ̀, ẹ rà á. Bó bá kéré, tẹ́ ẹ sì ń wò ó láti òkèèrè, ẹ fowó yín pamọ́ ná.