Ẹ JẸ́ KÁ MỌ̀: Báwo la ṣe lè rìn kiri ní Dahab?

Ìlú kékeré etíkun ni Dahab, nínú aṣálẹ̀ Sínáì ní ilẹ̀ Íjíbítì. Kò ní pápákọ̀ òfurufú. Sharm el-Sheikh ni bàálù ń balẹ̀ sí. Láti ibẹ̀, takisí á gbé yín dé Dahab ní bíi wákàtí kan. Bọ́ọ̀sì wà láti Káírò náà, àmọ́ ọ̀nà yẹn jìn, ọ̀pọ̀ èrò sì máa ń wọ ti òru.

Tẹ́ ẹ bá ti wọ̀lú ńkọ́?

🚶🏾 Ẹsẹ̀: Ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ wà létí omi, níbi tí ilé oúnjẹ pọ̀ sí.

🚲 Kẹ̀kẹ́: Ẹ lè háyà rẹ̀. Ilẹ̀ ìlú náà tẹ́jú, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ ibẹ̀ lágbára. Tó bá dojú kọ yín, ẹ ó làágùn.

🛻 Takisí: Ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ọkọ̀ akẹ́rù kékeré. Wọn kì í lo mítà, nítorí náà ẹ dúnàádúrà kẹ́ ẹ tó wọkọ̀.

🐪 Ràkúnmí àti ọkọ̀ ojú omi: Takisí lè gbé yín dé Blue Hole, ihò jíjìn kan nínú òkun ní àríwá ìlú. Ẹni tó bá fẹ́ kọjá lọ sí etíkun Ras Abu Galum yóò fẹsẹ̀ rìn, yóò gun ràkúnmí tàbí kó wọ ọkọ̀ ojú omi.

⛰️ Òkè Sínáì: Alẹ́ ni ọkọ̀ tó ń lọ síbẹ̀ sábà máa ń gbéra, kí èrò lè rí yíyọ oòrùn lórí òkè.

Àwọn agbófinró máa ń dá ọkọ̀ dúró lójú ọ̀nà Sínáì. Ẹ mú páásípọ́ọ̀tù dání, kẹ́ ẹ sì gbé omi lọ́wọ́.