Etí Òrùlé Yín àti Ìlera Ìdílé Yín

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní òjò kò bá ẹnìkan ṣọ̀rẹ́, ẹni eji rí ni eji ń pa. Ọ̀rọ̀ yìí bá ògiri ilé mu bí ó ti bá ènìyàn mu. Ògiri tí òrùlé kò bò dáadáa ni òjò ń pa jù lọ, àwọn tí ó sì ń sùn lẹ́yìn ògiri náà ni àìsàn ń bá fínra. Nítorí náà ni a ṣe fẹ́ bá ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin onílé àti ẹ̀yin ayálégbé ní Kétu, Mile 12, Ìkòsì àti gbogbo agbègbè Kòsọ́fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí etí òrùlé, ìyẹn apá òrùlé tí ó yọ síta kọjá ògiri.

Bí àwọn baba wa ṣe ń kọ́lé

Ní ayé àtijọ́, amọ̀ ni a fi ń mọ ògiri, koríko tàbí ewé ni a sì fi ń bo orí ilé. Nítorí pé òjò a máa wó ògiri amọ̀, àwọn baba ńlá wa a máa jẹ́ kí etí òrùlé yọ síta, kí ó sì sọ̀kalẹ̀ débi pé àgbàlagbà ní láti bẹ̀rẹ̀ kí ó tó wọlé. Abẹ́ rẹ̀ ni ọ̀dẹ̀dẹ̀ wà, níbi tí ará ilé ti ń gba atẹ́gùn, tí àwọn ọmọdé sì ti ń ṣeré nígbà òjò. Maxwell Fry àti Jane Drew, ayàwòrán ilé ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni wọ́n ya àwòrán àwọn ilé àkọ́kọ́ ní Yunifásítì Ìbàdàn. Nígbà tí wọ́n tẹ ìwé jáde ní ọdún 1956 lórí ilé kíkọ́ ní ilẹ̀ tí ooru àti ọ̀rinrin pọ̀ sí, ọ̀rọ̀ ìbòòji àti atẹ́gùn kan náà ni wọ́n tẹnu mọ́.

Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí búlọ́ọ̀kù sìmẹ́ǹtì ti dé, ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ògiri kò bẹ̀rù òjò mọ́. Ilẹ̀ sì tún wọ́n ní Èkó. Báyìí ni a ṣe ń gé etí òrùlé kúrú.

Ohun tí ògiri tútù ń ṣe fún ará ilé

Búlọ́ọ̀kù sìmẹ́ǹtì a máa fa omi mu. Bí òjò bá ń lù ú láti oṣù kẹrin títí dé oṣù keje, tí ó tún padà ní oṣù kẹsàn-án àti oṣù kẹwàá, kò ní ráyè gbẹ. Ọ̀dà a máa bó, ara ògiri nínú yàrá a sì bẹ̀rẹ̀ sí bu bí búrẹ́dì tí ó ti pẹ́. Eruku tí ó ń ti ara ohun tí ó bu yìí jáde ni a ń fà símú. Ó ń fa sísín, imú dídí àti ikọ́, ó sì ń jí ikọ́ fée dìde lára ẹni tí ó ti ní i tẹ́lẹ̀.

Ewu kejì wà níbi fèrèsé. Bí òjò bá ń gba ibẹ̀ wọlé, a ó tì í pa. Ènìyàn márùn-ún tàbí mẹ́fà a wá sùn sínú yàrá tí afẹ́fẹ́ kò wọ̀. Bí ọ̀kan nínú wọn bá ní ikọ́ ife tí kò tíì gba ìtọ́jú, irú yàrá bẹ́ẹ̀ ni àrùn náà ti ń tètè ràn. Etí òrùlé tí ó gùn tó ń jẹ́ kí a lè ṣí fèrèsé sílẹ̀ bí òjò tí kò ní ìjì bá tilẹ̀ ń rọ̀.

Ó ń dín ooru kù pẹ̀lú. Ní ọ̀sán oṣù kejìlá, etí òrùlé ẹsẹ̀ bàtà 2 ń fi òjìji tí ó tó ẹsẹ̀ bàtà 3 àbọ̀ bo ògiri ìhà gúúsù. Ní oṣù kẹfà, òjìji tirẹ̀ lára ògiri ìhà àríwá ń ju ẹsẹ̀ bàtà 6 lọ. Ṣùgbọ́n oòrùn àárọ̀ àti ti ìrọ̀lẹ́ ń gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Igi tàbí aṣọ fèrèsé ni ó lè dí ìyẹn.

Bí ẹ ó ṣe ṣe é

1. Ẹ kọ́kọ́ wo ògiri tí ó ń tutù jù. Láti ìhà ìlà-oòrùn ni ìjì òjò ńlá ti máa ń wá bá wa ní ìbẹ̀rẹ̀ àti ìparí àkókò òjò. Láti gúúsù àti ìwọ̀-oòrùn ni atẹ́gùn ti ń gbé òjò oṣù kẹfà wá. Bí owó kò bá tó fún gbogbo ilé, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí àwọn ọmọdé ń sùn, tàbí kí ẹ fi páànù bo orí fèrèsé nìkan.

2. Ẹsẹ̀ bàtà 2 sí 2 àbọ̀ tó fún ilé ilẹ̀. Bí igi tuntun yóò bá yọ ẹsẹ̀ bàtà 2 síta, kí ẹsẹ̀ bàtà 4 rẹ̀ wà nínú, kí káfíńtà kàn án mọ́ igi òrùlé àtijọ́. Ẹ fi oògùn ikán kùn ún. Bí yóò bá ju ẹsẹ̀ bàtà 3 lọ, ó gbọ́dọ̀ ní òpó. Kí a fi irin pẹlẹbẹ so igi mọ́ ògiri, nítorí ìjì a máa gba abẹ́ etí òrùlé gbé e lọ.

3. Páànù tuntun ni yóò wọ abẹ́ páànù àtijọ́, kí èyí tí ó wà lókè bo tìsàlẹ̀ ní ínṣì 6, ó kéré tán. Ibi tí páànù ga ni kí a kan ìṣó sí.

4. Bí síìlìn yín bá jẹ́ ti àtijọ́ tí a fi asbestos ṣe, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ayùn gé e tàbí kí ó fọ́ ọ. Eruku rẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, àìsàn tí ó ń fà, títí kan jẹjẹrẹ, sì lè má farahàn títí di ogún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ.

5. Ẹ jìnnà sí wáyà iná. Kí ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ yín má ṣe dà sára ògiri aládùúgbò. Ẹ béèrè ní ọ́fíìsì LASPPPA kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹ dí ọ̀nà ẹ̀fọn

Bí káfíńtà bá ti wà lórí òrùlé, àsìkò tó láti dí àlàfo tí ó wà láàrin ògiri àti òrùlé. Ibẹ̀ ni ẹ̀fọn tí ó ń fa ibà ń gbà wọlé lóru. Ẹ fi àwọ̀n bò ó kí atẹ́gùn lè máa kọjá. Nínú ìwádìí kan tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 2009 ní orílẹ̀-èdè Gáḿbíà, ọmọ 19 nínú 100 ni ẹ̀jẹ̀ wọn kò tó ní ilé tí a kò ṣe nǹkan kan sí. Ní àwọn ilé tí a fi àwọ̀n dí, ó jẹ́ 12 nínú 100. Síbẹ̀, kí ọmọ má ṣe ṣíwọ́ sísùn lábẹ́ àwọ̀n tí a fi oògùn sí.

Bí ẹ bá so gọ́tà mọ́ etí òrùlé, ẹ máa gbá ewé inú rẹ̀ kúrò lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, kí ẹ sì máa bo dúrọ́ọ̀mù tí ẹ fi ń gbe omi òjò. Ẹyin ẹ̀fọn lè di ẹ̀fọn láàrin ọjọ́ 7 sí 10.

Ohun tí kò lè ṣe

Etí òrùlé kò lè dá odò Ògùn dúró. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2010, nígbà tí wọ́n ṣí omi ìdídò Ọyán sílẹ̀, ó wọ ilé àwọn ará Ajégúnlẹ̀ àti agbègbè rẹ̀. Ẹni tí ó ń gbé létí odò ní láti mọ ọ̀nà tí yóò gbà kúrò nílé kí omi tó dé.

Kò sì lè rọ́pò ilé ìwòsàn. Bí ọmọ bá ń kọ́, ẹ ka iye ìgbà tí ó ń mí ní ìṣẹ́jú kan. Bí ó bá tó 60 fún ọmọ tí kò tíì pé oṣù méjì, 50 fún èyí tí kò tíì pé ọdún kan, tàbí 40 fún ọmọ ọdún kan sí márùn-ún, tàbí bí abẹ́ àyà rẹ̀ bá ń wọlé nígbà tí ó bá ń mí, òtútù àyà lè ti wọ̀ ọ́. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an.

Ẹ̀yin ayálégbé, ẹ pa ohùn pọ̀ kí ẹ tó lọ bá bàbá onílé. Ẹ fi ògiri tí ó ti bu hàn án. Ẹ̀yin onílé, òrùlé tí ó dáàbò bo ọmọ ayálégbé ni ó ń dáàbò bo ògiri yín pẹ̀lú. Ọwọ́ ẹ̀ẹ̀rùn ni kí ẹ ṣe é, kí òjò tó dé.