Ọmọ Ológbò Tí Kò Ní Ìyá: Ta Ni Yóò Gbà Á Tọ́?

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí lè pa ẹlòmíràn lẹ́rìn-ín. Ẹ lè ní kí ni ó kan ládàánì mọ́sálásí nínú ọ̀rọ̀ ológbò. Ẹ fara balẹ̀ bá mi kà á.

Ní ìgbà ọyẹ́ kan níhìn-ín ní Ṣakí, mo dìde láti lọ pe ìrun àsùbáà. Nínú yàrá kékeré tí a ń kó ògbólógbòó ẹní sí lẹ́yìn mọ́sálásí, mo gbọ́ igbe tín-ín-rín. Mo tan iná sí i. Ọmọ ológbò mẹ́rin, tí ojú wọn kò tíì là, ni wọ́n ń wọ́ kiri lórí ẹní. N kò rí ìyá wọn. Lẹ́yìn ìrun ni mo tó gbọ́ pé àwọn ọmọkùnrin kan ti fi igi lù ú pa ní ìrọ̀lẹ́ àná, nítorí pé ó dúdú, ó sì ń ké lórí òrùlé lóru, àgbàlagbà kan sì ti sọ pé kì í ṣe ojú lásán. Bàbá yìí wà lórí ìrun pẹ̀lú wa. Wọ́n ní kí n kó àwọn ọmọ náà sínú àpò, kí n lọ dà wọ́n sí ẹ̀bá igbó, kí wọ́n má baà tẹ̀lé ọ̀nà ìyá wọn.

Kí n má purọ́ fún yín, mo gbà. Ojú àgbà ni mo wò. Mo gbé àpò kọ́ apá, mo ní kí n kọ́kọ́ yà sílé láti gbé búútà mi sílẹ̀, ibẹ̀ ni ìyàwó mi ti gbọ́ igbe wọn. Ó tú ẹnu àpò, ó wò ó, ó sì wo ojú mi. Ó ní, "Àlùfáà, ṣé ẹnu tí ẹ fi pe ìrun láàárọ̀ yìí náà ni ẹ fi gbà pé ẹ ó lọ da ìwọ̀nyí nù?" N kò rí èsì fún un. Ó gba àpò lọ́wọ́ mi.

Ọ̀rọ̀ àjẹ́ tí a ń dì lé ológbò lórí yìí, ibo ni a ti rí i nínú ẹ̀sìn wa? Kabshah, ọmọbìnrin Kaab ọmọ Malik, ròyìn pé òun bu omi àlùwàlá fún baba ọkọ òun, Abu Qatada. Ológbò kan dé, ó fẹ́ mu nínú omi náà, bàbá sì tẹ ohun èlò omi sí i kí ó lè mu tẹ́rùn. Nígbà tí bàbá rí i pé ẹnu ya ìyàwó ọmọ wọn, wọ́n ṣàlàyé fún un pé Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́run máa bá a) ti kọ́ àwọn pé ológbò kì í ṣe ẹlẹ́gbin, pé ó wà lára àwọn tí ń wọlé tí ń jáde láàárín wa. Ẹ kíyè sí i pé obìnrin ni ó gbé ọ̀rọ̀ yìí dé ọ̀dọ̀ wa, nídìí omi inú ilé. Ìtàn tí àwọn kan máa ń sọ pé Ànábì gé apá ẹ̀wù rẹ̀ nítorí ológbò tí ó sùn lé e, n kò ní fi ṣe ẹ̀rí, nítorí kò sí nínú àwọn ìwé hàdíìsì tí a gbára lé. Èyí tí ó dájú tó wa.

Èyí tí ó bà mí lẹ́rù jù ni ti obìnrin tí ó ti ológbò mọ́lé títí ó fi kú. Kò fún un ní oúnjẹ, kò sì tú u sílẹ̀ kí ó wá kòkòrò ilẹ̀ jẹ. Ó wà nínú Bukhari àti Muslim pé ìyà iná ni ó fi jẹ.

Kì í ṣe òní ni àwọn Mùsùlùmí ti ń ṣètò fún ológbò tí kò ní ẹnì kan. Sultan Baybars, tí ó jọba Íjíbítì láti 1260 sí 1277, fi ọgbà kan sílẹ̀ lẹ́bàá mọ́sálásí rẹ̀ ní ìlú Káírò fún ìtọ́jú àwọn ológbò. Edward Lane, òyìnbó tí ó gbé ìlú náà, kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ tí ó jáde ní 1836 pé ọgbà náà ti bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n Kádì ìlú kò jẹ́ kí ètò náà bàjẹ́. Nírọ̀lẹ́, a máa kó ìfun àti ìdọ̀tí ẹran wá sí àgbàlá ilé ẹjọ́ rẹ̀, àwọn ológbò a sì rọ́ dé. Ní oṣù April 2023, nínú ààwẹ̀ Ràmàdáánì, gbogbo ayé rí àwòrán Lèmọ́mù Walid Mehsas ti ilẹ̀ Àlùjíríà, tí ológbò fò mọ́ lórí ìrun, tí ó gun èjìká rẹ̀. Lèmọ́mù ń ka Àlùkùránì lọ, ó sì ń fi ọwọ́ pa á lára.

Ẹ jẹ́ kí n padà sílé mi, nítorí àánú nìkan kò tó. A po mílíìkì alágolo mọ́ omi fún àwọn ọmọ mẹ́rin náà, a sì fi wọ́n sínú páálí lásán. Ní òru kejì, inú wọn ń ṣí, ara wọn tutù bí omi àmù. Kí n tó lọ pe ìrun, méjì ti kú. Ọmọ mi obìnrin sunkún títí ó fi lọ sí ilé-ìwé.

Dókítà ẹranko tí mo tọ̀ lọ kò bá mi wí, ṣùgbọ́n ó là mí lójú. Mílíìkì màlúù, ìbáà ṣe ti agolo tàbí ti Fúlàní, máa ń da inú ọmọ ológbò rú. Ó ní mílíìkì tiwọn tí a ń tà ní àwọn ìlú ńlá. Èyí tí ó sàn jù ni kí a wá ológbò mìíràn tí ń fún ọmọ lọ́mú, nítorí púpọ̀ nínú wọn a máa gba ọmọ ọlọ́mọ. Ọmọ tí ara rẹ̀ bá tutù, ẹ kọ́kọ́ fi aṣọ àti ìgò omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ mú un móoru kí ẹ tó fún un lóúnjẹ. Ẹ̀yin ìyá, ẹ má ṣe gbé e sí ìdùbúlẹ̀ ẹ̀yìn bí ọmọ ènìyàn láti fún un ní mílíìkì, kí ó má baà há a lọ́fun. Ikùn rẹ̀ ni kí ó dojú sílẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, bí wákàtí méjì sí mẹ́ta ni ó ń jẹun, tọ̀sán-tòru, lẹ́yìn náà ẹ ó fi òwú tí a rẹ sínú omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ nù ún nídìí kí ó lè tọ̀. Ní bí ọ̀sẹ̀ kẹrin, ó lè bẹ̀rẹ̀ sí í lá ẹja tí a tẹ̀. Ó tó ọ̀sẹ̀ kẹjọ kí a tó gbé e fún ẹlòmíràn.

A rí abo ológbò kan tí ń fọ́mọ lọ́mú ní agbolé kejì, ó sì gba àwọn méjì tí ó kù. Ọ̀kan wà lọ́dọ̀ wa títí di òní. Èkejì, akọ, lọ sí Ìsẹ́yìn lọ́dọ̀ opó kan tí ń hun aṣọ òfì, tí èkúté ń gé lówùú.

Láti ìgbà náà ni àwọn ènìyàn ti ń gbé ọmọ ológbò wá bá wa. A ń tọ́ wọn dàgbà, a ń fi wọ́n fún ẹni tí ó fẹ́. Ṣùgbọ́n ìyàwó mi kì í fi ọmọ sílẹ̀ kí ó tó bi ẹni náà ní ìbéèrè mẹ́ta. Bí èkúté bá tán, ta ni yóò máa bọ́ ọ? Ṣé ẹ ń da májèlé eku sínú ilé? Ológbò tí ó bá jẹ eku tí ó jẹ májèlé, ó lè bá a kú. Ta ni yóò gbé e lọ gba abẹ́rẹ́ dìgbòlugi nígbà tí ó bá pé oṣù mẹ́ta? Ẹni tí ológbò tàbí ajá bá bù jẹ, kí ó fi ọṣẹ àti omi fọ ojú ọgbẹ́ náà fún ìṣẹ́jú 15, kí ó sì gba ilé ìwòsàn lọ lọ́jọ́ náà. Bí obìnrin kan bá sì wà nínú oyún, kí ó jẹ́ kí ẹlòmíràn máa kó ìgbẹ́ ológbò, nítorí kòkòrò kan wà nínú rẹ̀ tí ó lè pa ọmọ inú lára. Abo ológbò pàápàá lè lóyún kí ó tó pé oṣù mẹ́fà, nítorí náà ẹni tí kò fẹ́ kí ilé òun kún, kí ó bi dókítà ẹranko léèrè iṣẹ́ abẹ.

Kí ni èrè rẹ̀ fún wa ní Òkè-Ògùn, níbi tí àgbàdo àti ọkà bàbà ti kún àká? Ibà Lassa, tí a kọ́kọ́ mọ̀ ní ìlú Lassa ní Borno ní 1969, ara eku ni ó ti ń wá. Nínú ohun tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí a ṣe láti lé eku jìnnà, pẹ̀lú bíbo oúnjẹ àti dída ìdọ̀tí sí ọ̀nà jíjìn, wọ́n dárúkọ níní ológbò nílé.

Ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá, bàbá tí ó ní kí n lọ da àwọn ọmọ náà nù rán ọmọ ọmọ wọn sí mi. Èkúté ti wọ àká wọn, wọ́n sì gbọ́ pé a ní ọmọ ológbò kan tí ó tó gbé lọ. Mo ní kí bàbá jọ̀wọ́ wá fúnra wọn lẹ́yìn ìrun alaasari. Ìyàwó mi ni yóò bi wọ́n ní ìbéèrè.