Ẹ̀ṣọ́ Ibodè Tó Ń Wòkè

Ọjọ́ ti pẹ́ tí àwọn ẹ̀ṣọ́ ibodè Lithuania, VSAT, ti ń dojú kọ àwọn onífàyàwọ́ tó ń gba inú igbó kó sìgá wọlé láti Belarus. Ààlà ilẹ̀ méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 680 kìlómítà. Ní ọjọ́ 10 oṣù Keje 2025, ohun mìíràn ló gba òfurufú wọlé nítòsí ibodè Šumskas. Wọ́n kọ́kọ́ rò pé Shahed ni, irú dróònù tí Rọ́ṣíà fi ń ba Ukraine jà, wọ́n sì sáré gbé olórí ìjọba lọ síbi ààbò. Ó wá hàn pé dróònù Gerbera ni, tí wọ́n fi fóòmù àti pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kàn. Kí oṣù náà tó parí, òmíràn tún wọlé. Àwọn ará Vilnius fojú rí i, síbẹ̀ ọjọ́ mélòó kan kọjá kí wọ́n tó bá a níbi tó já sí, ní pápá ìdánrawò àwọn ológun, tòun ti ohun abúgbàmù kìlógíráàmù 2 nínú rẹ̀. Ẹ̀rù ìṣẹ̀lẹ̀ kejì yìí ló bà mí jù.

Àìríran ló ń ṣe ibodè yìí ju àìníbọn lọ. Ohun kékeré tó ń fò nílẹ̀ẹ́lẹ̀ máa ń bọ́ mọ́ rédà tí a ṣe fún bàálù ńlá lọ́wọ́. Ukraine ti to ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹ̀rọ tó ń gbọ́ ariwo dróònù káàkiri ilẹ̀ wọn, owó rẹ̀ kò sì tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti mísáìlì. Irú rẹ̀ ló yẹ kó kọ́kọ́ tẹ ẹ̀ṣọ́ ibodè lọ́wọ́, kí ọ̀rọ̀ sì lè ti ọ̀dọ̀ rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ ológun lójú ẹsẹ̀.

Àwọn kan á bi wá pé, bí a bá rí i tán tí a kò lè yìnbọn ńkọ́? Ìbéèrè gidi ni. Òun ló mú kí ilé aṣòfin Lithuania fún àwọn ológun láṣẹ, ní oṣù Kẹsán-án 2025, láti yìnbọn já dróònù tó bá wọlé láìgbàṣẹ bọ́. Ṣùgbọ́n nínú oṣù yẹn kan náà, nígbà tí nǹkan bí ogún dróònù ya wọ Poland lóru ọjọ́ kan, bàálù ogun olówó gọbọi ni wọ́n fi lé wọn, ilé kan ní Wyryki sì bàjẹ́. Nígbà tó di oṣù Kẹwàá, bàlúùnù tí àwọn onífàyàwọ́ fi ń kó sìgá wọlé láti Belarus ló ń ti pápákọ̀ òfurufú Vilnius pa. Ìjọba Lithuania ti ibodè ilẹ̀ nígbà náà, bẹ́ẹ̀ sì rèé, bàlúùnù kì í gba ẹnu ibodè. Ẹni tó lè tètè sọ bóyá sìgá ló ń bọ̀ tàbí bọ́ǹbù ni wọ́n nílò níbẹ̀, kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan ìbọn.